Sójà Méjì Tí A Kò Túfọ̀ fún Ìyá Wọn

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ní ọjọ́ tí ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, Màmá Ladi-Lak ní kí wọ́n tan tẹlifíṣàn fún òun. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ladi-Lak, l'Ékòó, ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ àgbà, obìnrin tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ti yọ wáyà tẹlifíṣàn náà láti àárọ̀. Ó ní iná kò dára, pé ó lè ba nǹkan jẹ́.

"Ṣé kì í ṣe iná yìí náà ni fáànù ń lò?" Màmá bi í.

"Ti fáànù yàtọ̀, Màmá."

"Ó yàtọ̀ báwo? Fáànù ò mọ̀ pé iná ò dára ni? Fi wáyà yẹn sí i jàre. Ọmọ mi wà nínú iṣẹ́ yẹn. Bóyá wọ́n á fi ojú ẹ̀ hàn."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Lóòótọ́ ni ọmọ tí Màmá ń sọ, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, jẹ́ sójà. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Kí òjò ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pa á lókè Ọya, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà. A ti sin ín. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Àdúgbò náà mọ̀. Obìnrin tó ń din àkàrà lójúlé kejì kì í lè wo ojú Màmá mọ́ tó bá ń kí i. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ìyá tó bí i.

Mi ò ní láti ṣàlàyé èyí fún Yorùbá bíi tèmi. A kì í sáré túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. A ó kọ́kọ́ ní ara ọmọ náà kò yá. Lẹ́yìn náà a ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ó máa fà á títí ọkàn ìyá yóò fi fúnra rẹ̀ débẹ̀. Nígbà mìíràn, a kì í sọ rárá. Dókítà ti kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Àwọn àgbà ẹbí ṣèpàdé nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé Ẹ̀gbọ́n ní Ṣómólú, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ. Mo wà ní ìpàdé náà. Nígbà tí wọ́n bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ mìíràn, èmi náà ní kò sí.

Irọ́ tí a jọ pa ni pé wọ́n ti gbé e lọ síbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nígbà Kérésì, Ẹ̀gbọ́n fa ewúrẹ́ kan wọlé, ó ní àbígbẹ̀yìn ló fi ránṣẹ́. Màmá gbé ọwọ́ lé ewúrẹ́ náà lórí, ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó gbàdúrà gígùn, ó kọ orin. Lẹ́yìn náà a pa á, a jẹ ẹ́.

Fóònù kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Kì í jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú. Bí iná bá lọ, á ní kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀, á sì máa bèèrè rẹ̀ títí wọn ó fi gbé e padà. "Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé ibẹ̀," ó máa ń wí, "èmi ló máa kọ́kọ́ pè."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó wo ìrántí náà. Àwọn sójà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ọ̀gá gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n tú ẹyẹlé funfun sókè. Màmá sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó ń wo ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ oníròyìn."

"Màmá."

"Àwọn tí wọ́n ń rántí yìí, ṣé àwọn tó lọ sí Bọ́mà náà wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Màmá."

"Bàbá wa ńkọ́?"

A kì í béèrè irú èyí nínú ilé wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ìyá mi. Ó wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun Hítílà, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìhà Bọ́mà, tó pààlà pẹ̀lú Íńdíà. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà; Màmá Ladi-Lak wà nínú oyún. Ogun parí, àwọn yòókù dé, òun kò dé. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé kò kú. Wọ́n ní ó rí obìnrin kan ní Íńdíà, apọ́nbéporẹ́ tí irun rẹ̀ kan ìbàdí, ó sì jókòó tì í. Èmi náà gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, òun ni wọ́n fi ń bú wa: "Ẹ lọ bá bàbá yín ní Íńdíà!" Ìyá ìyá mi kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó dúró dè é. Ìyá mi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lórí ibùsùn ikú rẹ̀ ni: "Tí ó bá dé, ẹ ní mo dúró títí."

Lọ́dọọdún, ẹbí wa máa ń péjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sì máa pe orúkọ àwọn òkú wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbàdúrà. Wọn kì í pe orúkọ tirẹ̀. A kì í pe ẹni tó sá lọ mọ́ àwọn tó kú sílé.

"Mo ti bú ọkùnrin yẹn ju bó ṣe yẹ lọ," Màmá wí. "Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mo bú u. Ọjọ́ tí a sin ìyá mi, mo bú u lórí ibojì. Ikú ò jìnnà sí mi mọ́. Mi ò fẹ́ dé ọ̀run kí n gbé ìjà kò ó láìmọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n ní kò sí ohun tí kò sí nínú fóònù báyìí. Wá bàbá mi fún mi."

"Màmá, mi ò lè ṣèlérí o."

"Ta ní kí o ṣèlérí? Àwọn olóṣèlú ló ń ṣèlérí. Wá a ni mo ní."

Iná kò sí nílé mi lọ́jọ́ kejì, nítorí náà mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Akoka níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ wọn. Àjọ kan wà lókè òkun tó kó orúkọ àwọn tó kú lábẹ́ àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé méjèèjì sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè wá ẹni rẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ orúkọ bàbá ìyá mi àti orúkọ ìdílé wa. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Kò sí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sọ nínú ara mi pé bóyá òótọ́ ni ìtàn obìnrin Íńdíà.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́ ìròyìn pé bí ìbéèrè kan kò bá mú èsì wá, kí wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Mo pa orúkọ ìdílé wa rẹ́. Mo tẹ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà nìkan, mo sì ń ka ohun tó jáde. Nígbà náà ni ó yé mi. Ọkùnrin kan ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá rẹ̀ wà, Ìbàdàn ni wọ́n kọ. Ti òmíràn ni Ọ̀yọ́. Ti àwọn mìíràn ni Ìlọrin, Ẹdẹ, Ìwó. Àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ sójà nígbà náà kò bèèrè orúkọ ìdílé. Ọkùnrin á sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á bi í pé níbo ló ti wá, ìlú tó bá dárúkọ ni wọ́n á kọ tẹ̀lé e. Ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn ìlú wa tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá kà á á rò pé àwọn ìlú náà ló kú.

Mo fi Ògbómọ̀ṣọ́ sí ipò orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì jáde. Lábẹ́ èkíní, kò sí ju nọ́ńbà iṣẹ́ lọ. Lábẹ́ èkejì, wọ́n kọ ìlà kúkúrú kan pé ọkọ lágbájá ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Lágbájá yẹn ni ìyá ìyá mi. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lára ẹlòmíràn láyé mi. Sójà lásán ni ọkọ rẹ̀, kò gba oyè kankan. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Íńdíà ni wọ́n sin ín sí, wọ́n kọ ìlà ibojì rẹ̀ síbẹ̀. Ó kú kí ogun tó parí, nígbà tí Màmá kò tíì lè dá jókòó.

Obìnrin tí gbogbo agbo ilé ń pè ní ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lókè òkun láti ọdún gbọọrọ pé opó ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn kò jẹ́ kí n sinmi. Bí wọ́n bá mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, wọ́n mọ ibi tí wọ́n lè ránṣẹ́ sí. Ta ló gba iṣẹ́ tí wọ́n rán náà?

Mo pe ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n sójà náà, tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá náà ti ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le. Nígbà tí a kí ara wa tán, mo sọ ohun tí mo rí. Mo rò pé ìpè náà ti já.

"Hẹ̀lóò? Bàbá?"

"Mo wà níbí. Mo ti ń retí ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí ẹ."

Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí:

"Ọmọdé ni mí. Akọ̀dá ìjọba kan gun kẹ̀kẹ́ wá jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Bàbá mi mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo gbé omi fún un, mo sì gbọ́. Ó ní bàbá yín àgbà kú sí Íńdíà. Àìsàn ni, kì í ṣe ìbọn. Bàbá mi fi aṣọ dí ẹnu ara rẹ̀ kí igbe má bàa jáde. Ó ní, 'Ìyá wa ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí ìyá bá gbọ́, òkú di méjì.'"

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ṣé kò yẹ kí ìyàwó gbọ́?"

"Báwo ni wọ́n á ṣe sọ fún un? Inú ilé kan náà ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé. Tí opó bá ṣọ̀fọ̀, ìyá á rí i. Wọ́n ní kí ìyá kọ́kọ́ lọ, arúgbó ni, kò lè pẹ́ mọ́. Ọmọ mi, ìyá ò lọ. Ó pẹ́ láyé ju àwọn tó ń dáàbò bò ó lọ."

"Obìnrin Íńdíà ńkọ́?"

"Bàbá mi ló dá a. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé, ìyá ń bèèrè lójoojúmọ́. Bàbá mi gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ. Ó ní àbúrò òun ti níyàwó ní Íńdíà, ó ti bímọ, ara rẹ̀ le. Ìyá dúpẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí i, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí ìyàwó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bí gbogbo ìlú ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò sọ nígbà tẹ́ ẹ dàgbà?"

"Bàbá mi ti ní tí mo bá sọ, èmi ni mo pa ìyá. Lẹ́yìn náà, bàbá mi fúnra rẹ̀ kú. Ìyá wà láyé. Wọn ò lè fi ìyẹn pamọ́ fún un, inú ilé ló kú sí. Ó sunkún, ó wó lulẹ̀, wọ́n gbé e dìde. Kò kú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èkíní náà kì bá tí pa á. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ ti ń bú ọkọ rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé òkú ló ń bú? Mo ń sún un síwájú, òun náà kú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má dúpẹ́.

Láti Akoka, mo lọ tààrà sí ilé ìtẹ̀wé Ẹ̀gbọ́n ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ ń ké, bébà gígé kún ilẹ̀. Páálí kan wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n da bébà bò ó. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú àbígbẹ̀yìn ni, èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò lè gbé ojú àbúrò òun fún ẹlòmíràn tẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo parí, mo ní ó yẹ kí a sọ ti ọmọ náà fún Màmá.

"O fẹ́ pa màmá mi," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n sọ nípa ìyá sójà yẹn gan-an nìyẹn."

"Ìyẹn ìyá sójà. Èyí màmá tèmi. Ṣé ìwọ lò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀? Ìwọ lò ń gbé e sá lọ sí ọsibítù? Ẹ̀yin oníròyìn, ọ̀rọ̀ sísọ ò ṣòro fún yín. Ẹ sọ ọ́ tán, ẹ bá tiyín lọ. Àwa la ó gbé òkú."

A wá fi àdéhùn sí i: kí n sọ ti bàbá fún Màmá, ṣùgbọ́n tí mo bá ya ẹnu lórí ti ọmọ, òun àti èmi ti parí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni a mú. Ìyàwó àbígbẹ̀yìn tó kú náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó máa ń wá kí Màmá láti ilé àwọn òbí rẹ̀. Mo dúró dè é ní ibùdókọ̀ Fádèyí kí a lè jọ lọ. Mo ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti wọ àǹkárá olómi ọsàn, ó dé wíìgì sórí, ó kun ètè. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì lè gbé ojú sókè.

A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Nígbà tí a ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ó ti rẹ̀ mí. Nílé wa, opó ni mí. Tí mo bá dé Fádèyí, ọkọ mi á jí dìde. Tí mo bá ń padà lọ, á tún kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí Màmá ló ń kú fún mi."

"Kí ni Màmá máa ń bá ẹ sọ?"

"Wọ́n ti ń bínú sí ọkọ mi. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, wọ́n fà mí létí, wọ́n ní, 'Lọ bá ọkọ rẹ níbẹ̀ o. Obìnrin ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló ń jà lára ẹ̀.' Bọ̀dá, kí ni kí n sọ? Mo ní, 'Mo ti gbọ́, mà.'"

A dé Ladi-Lak.

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó jókòó sórí àpótí nítòsí ẹsẹ̀ Màmá. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún un: orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú wa, ibi tí wọ́n sin ín sí, ìgbà tó kú. Lẹ́yìn náà mo ka ìlà tó ní ọkọ lágbájá.

"Ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," Màmá wí.

Mo kà á.

"Orúkọ ìyá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ti wà níbẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀."

Ó sunkún díẹ̀, láìpariwo. Ó fi etí gèlè nu ojú. "Bàbá mi, má bínú," ó wí, bí ẹni pé ọkùnrin náà jókòó sórí àga tó wà níwájú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Wọn ò sọ fún mi." Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè. "Ta ló mọ̀?"

Mo sọ ohun tí bàbá tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ. Mo sọ ti akọ̀dá tó gun kẹ̀kẹ́ wá, ti aṣọ tí wọ́n fi dí ẹnu, ti irọ́ tí wọ́n pa nítorí ìyá. Mo gbọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

"Mo mọ ìyá yẹn," Màmá wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, ó kọjú sí títì. Tí ó bá rí ẹni tó wọ kakí, á dìde. Tí ẹni náà bá kọjá, á tún jókòó. Bó ṣe ṣe títí tó fi kú nìyẹn. Wọ́n ní kó má bàa kú. Ṣé bí ènìyàn ṣe ń wà láàyè nìyẹn?"

Màmá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà. "Ẹ̀rọ tó rí bàbá mi yìí. Tẹ orúkọ ọmọ mi sí i."

"Màmá, ti ogun àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀."

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Màmá," Ẹ̀gbọ́n wí, "ẹ jẹ́ kí n gbé oúnjẹ yín wá."

"Ebi ò pa mí. Oníròyìn, tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí láàárín àwọn òkú, a jẹ́ pé obìnrin ló gbé e mì, tí kò rántí ìyá tó bí i. Èmi á wá mọ bí màá ṣe bú u. Mo ti ń kó o mọ́nú láti Kérésì. Lónìí ni màá bú u, màá bú u débi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á débẹ̀ tipátipá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u."

Ìyàwó ni. Ó ti kúrò lórí àpótí, ó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí wíìgì náà kúrò lórí. Irun kúkúrú orí tí wọ́n fá ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò tíì gùn tó èyí tí a ń di.

Màmá wo orí náà. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń fi ọwọ́ pa á láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, bí ẹni ń wá egbò lórí ọmọdé.

"Ta ló fá a fún ẹ?"

"Ìyá mi ni, Màmá."

"Ìgbà wo?"

"Kí òjò ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀."

Màmá kò ké. Mo ti múra sílẹ̀ de igbe. Mo ti sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè gbá a mú bó bá fẹ́ ṣubú. Ó kàn yí ojú sí Ẹ̀gbọ́n.

"Ewúrẹ́ Kérésì ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Mo gbàdúrà lórí ẹ̀," Màmá wí. "O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O ní àmín."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó mú fóònù kékeré náà jáde. Bátìrì rẹ̀ kún. Ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbé ìka kúrò títí ojú fóònù náà fi ṣú. Ó gbé e sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Ẹ bọ́ síta fún mi," ó wí. "Kí Ìyàwó dúró."

Màmá kò kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá a padà sílé. Ó ti rù. Nígbà tó gbọ́ pé ìwé ètò ìsìnkú ọmọ náà ṣẹ́kù, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n kó páálí rẹ̀ wá láti Ṣómólú, ó mú ìwé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó fi pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀ pẹ̀lú bébà tí mo tẹ ti bàbá rẹ̀ sí. Nígbà tí mo bi í bóyá ó fẹ́ rí ibi tí a sin ọmọ náà sí, ó mi orí. "Ìyá kì í wo ibojì ọmọ ẹ̀," ó wí. "Mi ò ní kí ẹ ba àṣà yẹn jẹ́. Ẹkún ọmọ mi ni mo bèèrè, ẹ sì fi dù mí."

Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń sè é, ẹlòmíràn ń gbé e wọlé. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé, "Tí màmá mi bá kú báyìí, ọrùn ẹ ló wà." Mi ò bá a jiyàn. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa.

Lọ́jọ́ Àìkú mìíràn tí mo lọ kí Màmá, Ìyàwó ti dé ṣáájú mi. Kò yà sí Fádèyí. Aṣọ dúdú rẹ̀ ló wọ̀ wá, orí rẹ̀ wà lásán. Òun àti Màmá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, mo sì ń gbọ́ ẹkún àwọn méjèèjì láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ohùn kan á lọ sílẹ̀, èkejì á gbà á. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo oúnjẹ dání. Ọbẹ̀ náà ti tutù. Kò kan ìlẹ̀kùn, kò sì lọ.